Atalẹ̀ Kọ́ Ló Wà Lọ́wọ́ Tosiwo

"Ta ni ọmọbìnrin náà?" Ìyá àgbà Neika bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ léèrè, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ó tó rí i fi pamọ́ sẹ́yìn. "Ẹ wá wo ìka o! Atalẹ̀ pupa ti kùn ún dé ọrùn ọwọ́. Láyé tiwa, ọmọkùnrin tó bá fi atalẹ̀ para báyìí, ọ̀dọ̀ àfẹ́sọ́nà ló ń lọ."

Tosiwo fa ọwọ́ rẹ̀ gbà. "Ìyá àgbà, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Mi ò ní ọmọbìnrin kankan."

"Irọ́ ńlá! Ọmọ erékùṣù Uman ni. Àwọn ni wọ́n fẹ́ràn kí ọkùnrin máa ta sánsán."

Gbogbo àwọn tó ń gún gbẹ̀rẹ̀fùtù lẹ́yìnkùlé bú sẹ́rìn-ín. Mineko, àbúrò Tosiwo, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ló ń tún ẹja tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé wálé ṣe. Kò rí ojú ìwọ̀ lẹ́nu ẹja kankan, kò sì rí ihò ọ̀kọ̀ lára wọn, ṣùgbọ́n bó ṣe ń la inú wọn ló ń rí i pé egungun ẹ̀yìn wọn ti fọ́ yángá. Ó tún rántí pé atalẹ̀ ilé wọn ṣì wà nínú ilẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń ro oko ibẹ̀. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á.

Ṣùgbọ́n ní Chuuk, ní àwọn erékùṣù tiwọn, ọmọbìnrin kì í nàró níwájú arákùnrin rẹ̀. Ó ní láti tẹ̀ ba bó bá fẹ́ kọjá, ojú rẹ̀ ní láti wà nílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín èrò. Mineko tẹ̀ ba, ó sì gbé agbọ̀n ẹja kọjá.

Ìgbà tí òòrùn rọ̀ ló tó bá Tosiwo létí omi, níbi tó ti ń fi iyanrìn fọ ọwọ́. Ó lóṣòó sí ọ̀ọ́kán, ó dorí kodò.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ ti rí ẹja yẹn?"

"Inú omi. Àbí orí igi ni wọ́n ti ń ká ẹja?"

"Egungun wọn ti fọ́."

Ohùn Tosiwo yí padà. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣé o gbọ́?"

"Inú ọkọ̀ ogun yẹn lẹ wọ̀," ni Mineko wí.

Ọkọ̀ ogun Japan kan tí wọ́n ń pè ní Kirinami ló rì sínú ọ̀sà níwájú abúlé wọn. Ìgbà ogun àgbáyé kejì ni ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà rì í, tòun ti àwọn ọmọ ogun inú rẹ̀, egungun wọn sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ìyá tó bí Ìyá àgbà Neika ló so imọ̀ àgbọn mọ́ igi, tó sì rì í mọ́ àpáta tó wà lókè ọkọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ti ojú omi pa bí èèyàn wọn bá kú: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀ mọ́, àfi bí àwọn ẹbí òkú bá wá ṣí i. Ẹbí àwọn ọmọ ogun náà kò wá rí. Bí imọ̀ kan bá gbẹ, Ìyá àgbà a fi tútù rọ́pò rẹ̀. Torí pé wọ́n ti ibẹ̀ pa, ẹnikẹ́ni kì í débẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi rí Tosiwo.

"Ẹ̀tù inú ọta àgbá wọn ló ń kun èèyàn lọ́wọ́ báyìí," Tosiwo jẹ́wọ́. "Mo já ìlẹ̀kùn yàrá ọta. Mo kó wọn jáde, mo tò wọ́n jọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí n lè máa rí ojú tú wọn. Mo wá ń rọ ẹ̀tù náà sínú ìgò, mo ń jù ú sáàárín ẹja kó lè bú gbàmù pa wọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n! Ó máa pa yín!"

"Ìwọ lo fẹ́ lọ sílé ìwé ní Weno. Ẹja tí mo bá fi ìwọ̀ pa ni wàá fi lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mineko lákínyẹmí ara. Ó ti yege ìdánwò, àlá aṣọ ilé ìwé nìkan ló sì ń lá lóru. Ó fẹ́ sọ pé òun kò fẹ́ irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, ó fẹ́ ẹ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ̀ ńlá kan tó ní ẹ̀rọ ìgbẹ́rù gúnlẹ̀ sí ọ̀sà. Ọ̀gbẹ́ni Halvorsen, onímọ̀ ẹ̀rọ tó wá pẹ̀lú rẹ̀, ní ilé iṣẹ́ òun fẹ́ gbé Kirinami sókè kí wọ́n gé irin rẹ̀ tà, kí omi sì bọ́ lọ́wọ́ epo dúdú tó ń jò níbẹ̀. Akapito, olórí abúlé, tó ń ṣe ògbifọ̀ fún un, pe gbogbo ìlú sí ilé ìpàdé.

"Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀!" Sirapio apẹja lọgun. "Ẹja tí mo jẹ lánàá, bí ẹni ń mu kẹrosíìnì ni. Bí irin yẹn bá jẹrà tán, tí gbogbo epo inú ẹ̀ tú síta, kí la fẹ́ máa jẹ? Iyanrìn?"

"Ọmọ ọlọ́mọ wà nínú ẹ̀, Sirapio," Ìyá àgbà Neika dá a lóhùn. "Bí wọ́n bá hú bàbá ẹ, tí wọ́n ta pósí ẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ, ṣé wàá pàtẹ́wọ́?"

"Epo kì í jò lára bàbá tèmi, Ìyá Neika!"

Ẹ̀rín sọ. Olórí Akapito gbọ́wọ́ sókè. "Ọ̀gbẹ́ni, àwọn ọta àgbá inú ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn kò le," ni Halvorsen wí. "Yàrá irin ni wọ́n wà, ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní títì. Àwọn òmùwẹ̀ wa ti wò ó lọ́dún tó kọjá. Bí wọn kò bá ti kúrò níbi tí wọ́n wà, ewu kankan kò sí."

Mineko yọ́jú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Tosiwo sì ti ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ abíyá.

Olórí ní wọ́n nílò ọmọ abúlé tó mọ omi dáadáa, tí yóò máa tọ́ àwọn òmùwẹ̀ náà sọ́nà. Gbogbo ẹnu ló dárúkọ Tosiwo. "Ọkọ ìyàwó!" ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pariwo. "Rọra o, kí omi má fọ atalẹ̀ ẹ dànù!"

Mineko ń retí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde jẹ́wọ́. Tosiwo rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gba iṣẹ́ náà, kò jẹ́wọ́. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fẹ́ fi fa ọkọ̀ kò bà á lẹ́rù tó ẹ̀wọ̀n tí ìjọba lè jù ú sí, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí ìyá àgbà rẹ̀ gbọ́ pé òun ló ba ojú omi tí ìdílé wọn tì pa jẹ́. Mineko rí i pé bí òun bá nàró, bí òun bá sọ ọ́, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀ gan-an. Ó tẹ orí rẹ̀ ba. Ìpàdé tú.

"Mo máa kó wọn padà kí wọ́n tó fa ẹ̀wọ̀n," Tosiwo sọ fún un lójú ọ̀nà, láìwo ojú rẹ̀. "Má bẹ̀rù."

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Mineko ṣe dé etí omi, ó rí ẹ̀wọ̀n tó ti nà tantan láti inú ẹ̀rọ wọ inú omi. Ẹ̀rọ ti ń dún. Ọkọ̀ kékeré tó gbé Tosiwo lọ wà lókè omi, okùn tí Tosiwo fi so ara rẹ̀ mọ́ ọn ń mì, Tosiwo kò sí nínú rẹ̀. Ó wà nísàlẹ̀, àwọn tó ń darí ẹ̀rọ kò sì mọ̀. Mineko ti ọkọ̀ Sirapio sómi, ó sì ń wà á bí ẹni tí iná ń lé. Nígbà tó sún mọ́ wọn, ó dìde dúró ṣánṣán nínú ọkọ̀ tó ń mì.

"Ẹ dá ẹ̀rọ dúró! Atalẹ̀ kọ́ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀tù ni! Ó ti kó àwọn ọta náà síta! Ó ṣì wà nísàlẹ̀!"

Olórí Akapito, tó wà lórí ọkọ̀ ẹ̀rọ pẹ̀lú Halvorsen, kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe túmọ̀ rẹ̀, ojú Halvorsen funfun báláú, ó sì ju ọwọ́ sókè. Ẹ̀rọ dákẹ́. Wọ́n fa okùn Tosiwo, wọ́n fà, wọ́n fà. Orí rẹ̀ yọ, wọ́n sì ń wọ́ ọ bọ̀ sínú ọkọ̀ kékeré náà. Ọkọ̀ ogun tí wọ́n ti gbé díẹ̀ kúrò nílẹ̀ wá rọra fìdí jókòó padà, àwọn ọta tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì yí lu ara wọn.

Ohun kan dún nísàlẹ̀: gbùùù! Omi ga sókè, ó sì dojú ọkọ̀ kékeré dé. Òmíràn tún dún nígbà tí orí Tosiwo ṣì wà lábẹ́ omi. Ìgbà tí wọ́n rí i gbé, ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí rẹ̀ méjèèjì.

Kò kú. Àwọn òmùwẹ̀ yòókù kò tíì wọ omi rárá, orí kó gbogbo wọn yọ. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ní Weno ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe, etí Tosiwo kò là mọ́. Ọkọ̀ ẹ̀rọ náà yí padà lọ. Halvorsen ní ó ṣeé gbé, ṣùgbọ́n òun kò ní fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni gbé e, ó sàn kí wọ́n wá fi ọ̀pá fa epo rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, kí wọ́n sì fi irin àti egungun sílẹ̀. Sirapio pàápàá kò jiyàn. Mineko kò lọ sílé ìwé lọ́dún náà.

Ọjọ́ tí Tosiwo délé, Mineko gbé oúnjẹ wá, ó lóṣòó, ó dorí kodò bí àṣà. "Ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ rèé."

Tosiwo kàn ń wo àárín orí rẹ̀. "Kí lo wí?" ó pariwo, torí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́.

"Dìde," ni Ìyá àgbà Neika wí. "Gbójú sókè kó lè rí ẹnu ẹ."

"Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n mi mà ni."

"Torí pé ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Dìde."

Mineko nàró. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, omijé sì ń dà lójú tirẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ilé ìpàdé ló yẹ kí n ti sọ ọ́."

Tosiwo ń wo ètè rẹ̀. Ó ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Nígbà tó yé e, ó mi orí. "Èmi ló yẹ kó ti sọ ọ́."

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀wọ̀ dára, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí ẹ bá mọ ohun tó lè pa ẹni tí ẹ bọ̀wọ̀ fún, tí ẹ wá dákẹ́ nítorí pé ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ ti bá ikú dìtẹ̀ mọ́ ọn.

Títí dòní, Mineko a máa nàró níwájú Tosiwo bó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Àwọn àlejò tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ a ní ọmọ yìí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ìyá àgbà Neika a sì dá wọn lóhùn pé, "Ẹ jẹ́ ó dúró. Ìgbà tó tẹ̀ ba la rí ohun tó dé bá wa."