Agbòòrùn Pupa Etí Adágún

Sípánà ni olólùfẹ́ mi wá yá lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé. Mo ń yá àwọn àlejò ọgbà ìgbafẹ́ ní kẹ̀kẹ́ lábẹ́ agbòòrùn pupa kan létí adágún. Òun ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn kiri. Irin tó di àjẹ̀ rẹ̀ mú ló dẹ̀. Ó dá sípánà padà, ó tún padà wá béèrè bóyá òun ti dá a padà. Nígbà tí oṣù mẹ́jọ máa fi pé, òrùka rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi.

Ká má purọ́, òjòwú ni mí. Ìyá mi ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, kó má bàa ní wọn ò sọ fóun.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni ò jẹ́ kí n sinmi. Ẹni tó ń wa irú ọkọ̀ yẹn á kọ ẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ, á kọjú sí èrò tó gbé. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni obìnrin alákẹtẹ̀ kan máa ń wá, òun nìkan, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko. Olólùfẹ́ mi á tẹjú mọ́ apá ọ̀dọ̀ rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà tó ti kún tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi ní Sátidé kan, ó wò wọ́n títí.

"Àbúrò mi," ó ní, "èèyàn kì í rẹ́rìn-ín sí oníbàárà báyìí. Ronú kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Lọ́jọ́ kejì, mo bọ́ òrùka, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó bi mí pé kí lòun ṣe. Mo ní kó lọ bi àkẹtẹ̀ léèrè.

Nígbà tí Sátidé tún pé, mo kó kẹ̀kẹ́ àti agbòòrùn mi lọ sẹ́yìn ilé àwọn ọ̀bọ tó wà nínú ọgbà náà, kí ojú mi má bàa rí nǹkan. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ariwo létí omi. Ìgbà tó yá, obìnrin náà yọ sí mi, ó rin gbingbin, àkẹtẹ̀ rẹ̀ ń kán tótó lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni agbòòrùn yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà síbi tó wà. Ọkùnrin yẹn ti gbé mi lọ kọlu erékùṣù àárín adágún. Ó ní agbòòrùn yín lòun máa ń wò kí ọkọ̀ òun lè lọ tààrà. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń wá gbatẹ́gùn níbí, kò tíì wo ojú mi rí. Orí àkẹtẹ̀ mi ló máa ń wò kọjá, tí á máa rẹ́rìn-ín sí yín."

Ojú tì mí. Mo sáré lọ bá a níbi tó ti ń fún omi ṣòkòtò rẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò sí igi létí adágún tó lè máa wò ni.

"Igi pọ̀," ó ní. "Èwo nínú wọn ni mo fún ní òrùka?"

Mo na ìka òrùka mi sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò sọ pé kí n bọ́ òrùka, ronú lòun ní kí n ronú.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ó ní kí n wọ inú ọkọ̀. Mo kọ́kọ́ ri agbòòrùn mọ́ àyè rẹ̀, mo sì ní kí obìnrin alákẹtẹ̀ bá mi ṣọ́ ọ. Olólùfẹ́ mi kọjú sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tukọ̀. Kò wo agbòòrùn rárá. Ojú mi ló ń wò, a sì lọ kọlu erékùṣù.