Ìgò Abẹ́ Ibùsùn Télọ̀

Ìgò náà ti gbẹ táútáú nígbà tí wọ́n fà á jáde lábẹ́ ibùsùn télọ̀. Oògùn olómi ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí nọ́ọ̀sì ń bu díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó wá jáwọ́ nínú oògùn olóró ní ilé ìtọ́jú náà, kí ìyà má baà jẹ wọ́n jù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rí tirẹ̀ mu.

Ínsípẹ́kítọ̀ dé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ kì í kánjú. Wọ́n ti fa kọ́tìnnì bo fèrèsé, torí ìmọ́lẹ̀ ń ta àwọn aláìsàn lójú. Télọ̀ ká bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra, ó ń gbọ̀n, ó ń yán, ikun ń dà nímú rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo jí i?"

"Èmi kọ́, Màdáámù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà mí gbọ́? Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Èmi tí mò ń rán àrán fún wọn gan-an ló ń sọ bẹ́ẹ̀!"

Òfin ilé náà ni pé olè oògùn yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Ínsípẹ́kítọ̀ mọ̀ pé ara tó ti ń gbàgbé oògùn, bó bá tún pàdé ìwọ̀n àtijọ́ nígboro, ikú ni. Ìyàwó télọ̀ sì ti ṣèlérí láti gbé ọmọ wọn wá wò ó lọ́jọ́ Àìkú.

"Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn méjì ló wà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ọ̀kan ń bẹ lọ́rùn mi, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n kẹ̀! Ó ti pé ọdún méje tó ti jáwọ́. Òun ló ń gbàdúrà fún gbogbo ilé yìí."

Ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń họ imú. "Ìgbà tí mo sùn lọ ni télọ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ lápò mi. Ó dùn mí, àbúrò. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ."

"Ẹ sún mọ́ mi, sà," ni Ínsípẹ́kítọ̀ wí. "Ẹ wò mí lójú." Ó wò ó títí, ó wá yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Ẹni tó bá mu nínú ìgò yìí, báwo ni yóò ṣe rí?"

"Á máa tòògbé, ara á máa yún un. Ọmọlójú rẹ̀ á sì kéré bí orí abẹ́rẹ́."

"Ẹ wá wo télọ̀. Ó ń yán, ara rẹ̀ ò balẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ fẹ̀ rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Oògùn ò dénú ẹ̀ láti àná. Yàrá yìí ṣókùnkùn, ọmọlójú gbogbo wa ló yẹ kó fẹ̀. Kí ló dé tí tiyín kéré bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n? Kí ló sì ń yún yín?"

Ẹ̀gbọ́n rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"A sin ìyá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá," ó ní. "Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mo mu díẹ̀, mo da ìyókù nù. Ojú tì mí láti sọ fún yín. Mo wá rò pé bí ẹ bá bá a lọ́dọ̀ télọ̀, kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

"Èmi tí ẹ kọ́ ní àdúrà?" ni télọ̀ bi í.



"Ẹ ó bá mi dé àgọ́ ọlọ́pàá," ni Ínsípẹ́kítọ̀ wí fún Ẹ̀gbọ́n, "ṣùgbọ́n dókítà ni yóò kọ́kọ́ rí yín."

Bí wọ́n ti ń fà á dìde, télọ̀ ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lára. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó fi í lé Ẹ̀gbọ́n léjìká.

"Ẹ mú un dání, sà. Òtútù yìí ń bọ̀ wá bá ẹ̀yin náà."