Abẹ́rẹ́ Tí Kò Lè Dúró De Ìkómọ

Sàrátù gbé àga dí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì jókòó lé e.

"Màsúdát ò lọ ibì kankan. Àtìnní ni ìkómọ, ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Nílé wa ní Ṣàngó níbí, ìyálọ́mọ kì í jáde kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ."

Òógùn bo ojú Fèyísọ́lá, nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí Màsúdát.

"Alája, mo bẹ̀ yín. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Mọ́ńdè ló bímọ. Òní Tọ́sidé, aago mẹ́jọ ti lù. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta ló yẹ kó gba abẹ́rẹ́ kan, wákàtí méjì péré ló sì kù tí ọjọ́ mẹ́ta á fi pé. Láti àná tí èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti jáde ni mo ti ń pè yín."

"Mo rí i. Mo mọ̀ pé wàhálà lo fẹ́ kó wá, ni mi ò ṣe gbé e. Kí ló dé tí o ò gbé abẹ́rẹ́ náà dání?"

"Inú firíjì ọsibítù ló ń gbé. Màmá, ẹ̀jẹ̀ Màsúdát jẹ́ O nẹ́gétíìfù. Ti ọmọ jẹ́ O pọ́sítíìfù."

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa ló wá burú?"

"Kò sí èyí tó burú. Jíìnì kan wà tí à ń jogún lọ́dọ̀ òbí, RHD lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí pòròtéènì kan tí wọ́n ń pè ní D wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, bí ilà lójú èèyàn. Hàrúnà, ọmọ yín, fún ọmọ rẹ̀ ní ilà yẹn, òun ni à ń pè ní pọ́sítíìfù. Màsúdát ò ní in, òun ni à ń pè ní nẹ́gétíìfù. Bí obìnrin bá ń bímọ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè kán sínú tirẹ̀. Ara rẹ̀ á rí ilà tí kò mọ̀ rí, á bẹ̀rẹ̀ sí í kógun jọ. Eléyìí ti bọ́. Ọmọ tó bá lóyún rẹ̀ lẹ́yìn èyí ni ogun yẹn á dojú kọ. Abẹ́rẹ́ yìí ni kì í jẹ́ kí ara kó ogun náà jọ."

 Sàrátù rántí Àríkẹ́, àbúrò rẹ̀. Àkọ́bí Àríkẹ́ yè. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e kú kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Òun Sàrátù fúnra rẹ̀ ló wò ó lójú, tó ní, "Ìwọ lo ń pa wọ́n." Ọkọ Àríkẹ́ gbọ́, ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣé ojú ọmọ náà máa ń pọ́n?"

"Ojú á pọ́n, ara á pọ́n bí ìyeyè. Òmíràn ò tiẹ̀ ní í dé orí ìkúnlẹ̀."

Sàrátù dìde, ó ta àga nípàá.

"Màsúdát! Da ìbòrí borí!"

"Ìyá, ìkómọ ńkọ́?"

"Ìkómọ ta ni? Gbé ọmọ, jàre!"

Wọ́n há ara wọn mọ́ inú kẹ̀kẹ́ Marúwá. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú ni abẹ́rẹ́ wọlé. Lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, Sàrátù fi ìbòrí bojú, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin aboyún, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bó bá jẹ́ nẹ́gétíìfù, ẹ sọ fún ọkọ, ẹ sọ fún ìyá ọkọ kí ọjọ́ ìbímọ tó dé. Bí ti ọmọ bá jẹ́ pọ́sítíìfù, ẹ gba abẹ́rẹ́ áńtí-D láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá ti kọjá, ẹ ṣì sáré lọ béèrè. Bí oyún bá wálẹ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára aboyún, ẹ lọ béèrè pẹ̀lú.

Obìnrin tí ọmọ ń kú mọ́ lọ́wọ́ kọ́ ló ń pa wọ́n. Ẹ yé bú u. Ẹ mú un lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.