Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Níwájú

"Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́, ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?"

Kóòṣì ló bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo fa ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, tí mo gbé ọ̀tún síwájú, tí mo sì fi ọwọ́ òsì gbá àpò iyanrìn tí a fi ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ jíjà gbì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹ̀rù ló kọ́ mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀ṣẹ́ kan bà mí lójú òsì níbi ìdánrawò. Láti ìgbà náà ni nǹkan dúdú ti ń sún wọ ojú náà láti ẹ̀gbẹ́, bí ẹni ń fa kọ́tìnì. Màmá mi, tó jẹ́ télọ̀, ní kí n bá òun ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gún ara mi níka.

"Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí, Màámi. Oorun ló ń kùn mí."

Irọ́ ni. Ìdíje ẹ̀ṣẹ́ wa ku ọjọ́ méjì. Ta ni yóò jẹ́ kí olójú kan wọ agbo ẹ̀ṣẹ́? Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ojú ọ̀tún mi ló ń ṣáájú, mo sì ń ráyè ríran.

"Ó dáa," ni Kóòṣì wí, "àmọ́ ẹni tó mọ ẹsẹ̀ ẹ́ yí gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n dá padà. Kọ́kọ́ bọ́ sẹ́yìn kọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jà má tó ẹ. Lẹ́yìn náà ni kó o yí i."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nọ́ọ̀sì yẹ ojú wa wò kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà níwájú mi ka lẹ́tà ara ògiri sókè: "D, K, H, N, V." Kíá, mo ti há a sórí. Nígbà tí wọ́n bo ojú ọ̀tún mi, kùrukùru nìkan ni mo rí, síbẹ̀ mo ka lẹ́tà náà geere bí ẹni ka ABD. Nọ́ọ̀sì buwọ́ lùwé.

Mo borí ní abala kìn-ín-ní ìjà mi. Kóòṣì nu òógùn ojú mi. "Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jà ti mọ ọgbọ́n ẹ báyìí. Gbé ẹsẹ̀ òsì padà síwájú."

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi: Kóòṣì, ojú mi ò ríran. Mo gbé e mì. Agogo dún.

Mo bọ́ sẹ́yìn, mo yí ẹsẹ̀ padà gẹ́lẹ́ bó ṣe kọ́ mi. N kò rí ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀ lápá òsì mi títí ó fi bà mí.

Ní ọsibítù, lẹ́tà kan náà ló wà lára ògiri. Màmá mi dúró tì mí, ó di bàtà mi mọ́ àyà. Dókítà bo ojú ọ̀tún mi.

"Ka èyí."

"D, K..." Ẹnu mi ti ń lọ fúnra rẹ̀. Mo wo ìhà ibi tí mo ti ń gbọ́ èémí màmá mi, n kò rí i. Ẹkún gbọ̀n mí.

"Dókítà, mi ò rí nǹkan kan. Mi ò rí lẹ́tà tí mo kà fún nọ́ọ̀sì pàápàá. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni."

"Ká ní o ti wá lọ́jọ́ náà, ojú yìí ì bá yè," ni dókítà wí. Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, àmọ́ ìdajì ìríran ojú náà kò padà wá. Màmá mi ló ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ báyìí, kì í sì í pè mí mọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọgbọ́n gidi ni ẹsẹ̀ yíyí, àmọ́ èmi fi bo àṣírí ni. Bí nǹkan bá ń ṣe yín, ẹ tètè sọ ọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Èmi fi àìsọ̀rọ̀ sọ tèmi nù.