Ojú Káfíńtà Lábẹ́ Pílásítà

Ẹ má rò pé irọ́ ni mo fẹ́ pa. Nọ́ọ̀sì ni mí, ojú mi ló ṣe, ọ̀sán gangan sì ni.

Inú wa ń dùn ṣìnkìn lọ́jọ́ náà! Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lára bàbá káfíńtà kan wú, ó ku díẹ̀ kó bẹ́, àwọn dókítà sì ti tún un ṣe. Bàbá ń sùn, rọ́bà wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rọ ń bá a mí. Mo fi pílásítà lẹ ojú rẹ̀ méjèèjì pa, nítorí ẹni tí oògùn bá gbé sùn, ojú rẹ̀ kì í pa dé dáadáa, á sì gbẹ. Bí a ṣe ń ṣe fún gbogbo wọn nìyẹn. Àyà bàbá là ń ṣọ́, àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo tiẹ̀ ráyè mu tíì díẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnnì rẹ̀. A kì í mu nǹkan níbẹ̀ o, ẹ má sọ fún ọ̀gá wa.

Ìyàwó rẹ̀ wọlé. Ó dúró. Ó tẹjú mọ́ bàbá.

"Nọ́ọ̀sì, kí ló ṣe ojú bàbá tó pọ́n rúsúrúsú báyìí?"

"Màmá, a ti lẹ̀ ẹ́ pa."

"Wọ́n ṣẹ́jú sí mi nísinsìnyí. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá ń fi nǹkan pa mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Pílásítà ò ṣí níbì kankan. Mo rọra ká a kúrò. Ẹyinjú bàbá ti rí bíi pupa ẹyin adìẹ.

"Dókítà o! Ẹ máa bọ̀!"

Gbogbo wọn sáré dé. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: ẹ̀dọ̀ ti fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀.

"Nígbà iṣẹ́ abẹ, wọ́n pẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn ṣiṣẹ́," ni dókítà wí. "Ìfúnpá wọn já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí a fà sí wọn lára sì pọ̀. Gbogbo ìyẹn lè da ẹ̀dọ̀ láàmú. Màmá, ṣé wọ́n ti ṣe ibà pọ́njú rí?"

"Ó gbé wọn dè fún oṣù mélòó kan! Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

"Rárá ni wọ́n sọ."

Màmá káwọ́ lérí. "Wọ́n ń bẹ̀rù pé ẹ ò ní ṣe iṣẹ́ abẹ náà."

Wọ́n pààrọ̀ oògùn, wọ́n dojú kọ ẹ̀dọ̀. Dókítà ní ká ní ilẹ̀ ṣú kí a tó mọ̀ ni, bàbá ì bá ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bàbá yè! Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Nígbà tí a yọ rọ́bà lẹ́nu rẹ̀, èmi ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, tíì rẹ yẹn ti tutù kó o tó mu ún, àbí?"

Ara mi bù máṣọ. "Ta ló sọ fún yín, Bàbá?"

Ó ṣẹ́jú sí mi.

Mo ṣì ń lẹ ojú àwọn aláìsàn pa títí dòní. Ṣùgbọ́n n kì í mu tíì níbẹ̀ mọ́.