Ọkọ̀ Ni Mo Kọ

Bàtà ni Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rí. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja lábẹ́ ọkọ̀ eré pupa rẹ̀, sípánà lọ́wọ́, epo lójú, nígbà tí bàtà awọ méjì tó ń dán gbinrin wọ inú gáréèjì, tí wọ́n rọra yẹ ike omi ọṣẹ sílẹ̀, tí wọ́n sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

"Bọ̀dá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá tó ni ọkọ̀ yìí ńkọ́?"

Inú bí i. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tó ń ta plọ́ọ̀gì bi í pé ta ló rán an. Ẹni tó ń ta táyà ní kó lọ pe ọkọ rẹ̀ wá, kí ọkọ wá yàn án. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un! Ọkọ̀ tí òun àti bàbá náà jọ ń tú, tí wọ́n jọ ń tò, láti ìgbà tó ti kéré tó sì ń dúró lórí àpótí kó tó lè rí ẹ́ńjìnnì! Àfi bíi pé wọ́n kọ ọ́ sára sípánà pé ọkùnrin nìkan ni kó máa dì í mú. Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, pákó onítáyà tó sùn lé yí wìì, ó yọ jáde.

"Ta ni bọ̀dá ẹ?"

Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sínú ike omi ọṣẹ tó ti yẹ̀ fún tẹ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo máa ń rán awọ àga ọkọ̀. Wọ́n ní ẹnì kan fẹ́ kí n wá wọn àga."

"Èmi ni ẹnì kan náà. Èmi ni ọ̀gá tó ni ọkọ̀. Èmi náà ni bọ̀dá mẹkáníìkì. Ṣé ó ku ìbéèrè?"

Ọkùnrin náà wo bàtà tó ń hó. Aláwọ ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀. "Ó ku ẹyọ kan," ló wí. "Ṣé ẹ ní àkísà tí mo lè fi nu ẹsẹ̀, Bọ̀dá?"

Nọ́ọ̀sì ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń bínú, inú rẹ̀ sì ń dùn sí ìbínú náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ó ju àkísà sí i, ó sì di ọjọ́ kejì kí Aláwọ tó mọ̀ pé gírísì inú àkísà yẹn ti ba bàtà náà jẹ́ ju omi ọṣẹ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni wíwọn àga ti di iṣẹ́ tí kì í tán. Àga méjì péré ló wà nínú ọkọ̀ náà o! Síbẹ̀, gbogbo Sátidé ni Aláwọ ń dé pẹ̀lú téèpù, tí yóò wọn apá ọ̀tún, tí yóò ní ìwọ̀n apá òsì ti sá kúrò lórí òun. Ìyá Kékeré, àbúrò bàbá Nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń gbé, wò ó títí, ó ní, "Ṣé àga ló ń wọ̀n ni, àbí ìwọ?"

"Àga ni, Ìyá Kékeré."

"Ó dáa. Àga náà mà ti ń lẹ́wà sí i o."

Ohun tó wọ Nọ́ọ̀sì lọ́kàn nípa ọkùnrin yìí ni pé kì í gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ń pààrọ̀ sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè túbọ̀ di ilẹ̀ mú, nígbà tó gbé páìpù èéfín tuntun sí i kó lè máa ké dáadáa, Aláwọ kàn ń béèrè pé, "Kí lèyí ń ṣe?" yóò sì gbọ́ ìdáhùn náà dé òpin. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀tì olóríkunkun kan bó o níka. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde.

"Ṣé kí n bá ẹ tú u?"

"Rárá."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n bá ẹ mú iná."

Ó gbé iná tọ́ọ̀ṣì náà sókè, kò mira, kò sì sọ̀rọ̀, títí nọ́ọ̀tì náà fi gbà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé òun ti kó sí i. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò sì ní àbùlà.

"Bọ̀dá mi àtàtà," ni Aláwọ wí, "ojú ẹ dọ̀tí."

"Awọ àga lo mọ̀ ọ́n tọ́jú, o ò tọ́jú awọ ojú tìẹ. Wo imú ẹ!"

Kò pẹ́ tí Aláwọ fi ní kó wá kí ìyá òun ní Sátidé. Nọ́ọ̀sì pinnu pé ọkọ̀ pupa náà lòun máa gbé lọ, kí ìyá lè rí iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ó ti wẹ̀, ó ti múra, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́! Ó tún un yí. Kẹ́! Ọkọ̀ ò dáhùn. Ó bọ́ aṣọ àlejò, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó ṣí èyí, ó yẹ tọ̀hún wò, ó fi òòlù onígi lu ibi tó yẹ kó lù. Kò sí nǹkan kan. Nígbà tí oòrùn ti ga, ó fi ìka tó kún fún epo tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Aláwọ:

"Ma binu, ba mi be Mama. Oko mi ko dide lati aaro. Mo ti be e, mo ti lu u, ko dahun. Mi o le fi i sile bayii."

Kò fàmì sí i. Ta ló ń ráyè fàmì sórí ọ̀rọ̀ nídìí fóònù, pàápàá tí ọkọ̀ bá ti múnú bí i?

Lọ́jọ́ kejì, Aláwọ wọlé, ó di ògiri mú, ẹ̀rín ń pa á kú lọ. Ó ní òun ń po gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọlé, lòun bá ní kí Màámi bá òun kà á. Màámi sì kà á sókè: Ọkọ mi kò dìde láti àárọ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti lù ú.

"Wọ́n ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì! Wọ́n ní, 'Ìyàwó oníyàwó lò ń bá kiri! Ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó tún ń lù ú!'"

Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkọ̀ ni mo kọ!" ló ń pariwo. "Ọkọ̀ ni mo kọ, mi ò kọ ọkọ!"

"Mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní obìnrin wo láyé ló ń lu ọkọ̀."

"Kí lo wá sọ?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gé. Aláwọ mú iná tó wà nílẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́. "Mo ní... mo ní mẹkáníìkì ló ń tún un ṣe. Pé ìwọ kàn máa ń dúró tì í ni."

Nọ́ọ̀sì nu omi ojú rẹ̀.

"Tún un sọ."

"Bọ̀dá mi, mo kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán nílẹ̀ ni."

"Má pè mí ní bọ̀dá!" Nọ́ọ̀sì dìde. "Ó rọ màmá ẹ lọ́rùn láti gbà pé mo ní ọkọ tí mò ń lù nílé ju kí wọ́n gbà pé mo ní ọkọ̀ tí mò ń tún ṣe lọ. Ìyẹn ò dùn mí. Wọn ò mọ̀ mí. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tó mú iná! Ìwọ tó rí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ mi! Gbogbo iṣẹ́ yìí, o gbé e fún mẹkáníìkì tí wọn ò tíì bí!"

"Jọ̀ọ́..."

Ó gba iná náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Máa lọ. Mẹkáníìkì mi á máa bá mi mú iná."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Ẹni tó ń ta plọ́ọ̀gì, àlejò ni. Ẹni tó ń ta táyà, aláìmọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó mọ̀, tó rí i, tó sì fẹ́ràn ẹni, kí òun náà fi ẹnu ara rẹ̀ pa iṣẹ́ ẹni rẹ́ nítorí kí ilé lè tòrò? Irú àlàáfíà wo nìyẹn? Ìbínú Nọ́ọ̀sì tọ́, ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé kò tọ́.

Ṣùgbọ́n ìbínú tó tọ́ náà kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Ó rí wáyà tó tú tó ń dá ọkọ̀ dúró, ó so ó, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, kò sì rí ẹni tó máa bá a hó. Ní ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ń há oògùn fáwọn aláìsàn bí ẹni ń ju òkò. Àga awakọ̀ ti wọ awọ tuntun, èkejì rẹ̀ wà ní ìhòòhò, fọ́ọ̀mù ń yọjú. Àárò ọkùnrin náà ń sọ ọ́, ìyẹn gan-an sì tún ń bí i nínú.

Aláwọ ń kọ̀wé sórí fóònù, ó sì ń fàmì sí gbogbo rẹ̀: "Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo parọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí." Nọ́ọ̀sì ò dáhùn. Nígbà tó yá, ó dáhùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, òun náà fàmì sí i: "Èmi kọ́ lo parọ́ fún."

Ó wá ku búrẹ́kì. Ó ti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ sí tuntun, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kó sínú páìpù. Iṣẹ́ yìí nìkan ni ẹnì kan ò lè dá ṣe. Ẹnì kan á tẹ búrẹ́kì mọ́lẹ̀, ẹnì kejì á tú nọ́ọ̀tì lábẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde. Bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá gbẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó dí nọ́ọ̀tì, afẹ́fẹ́ á tún wọlé, gbogbo làálàá á já sófo. Ìyá Kékeré ti ṣèlérí pé òun á wá tẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sọ pé ọkọ̀ náà rẹlẹ̀ débi pé àdúrà ló máa ń gbé òun jáde níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wà lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tó rí sálúbàtà obìnrin méjì tó wọlé.

"Ẹ kúuṣẹ́," ni ohùn kan wí.

"Ìyá Kékeré, ẹ ti pẹ́ jù! Ẹ wọ inú ọkọ̀. Ẹ tẹ èyí tó wà láàárín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa!"

Ọkọ̀ mì. Ẹnì kan mí kanlẹ̀. "Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ má gbẹ́sẹ̀ o! Tí mi ò bá ní kí ẹ gbẹ́sẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀! Ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Mà? Ìyá Kékeré kì í pe ẹnì kankan ní mà. Nọ́ọ̀sì ti tú nọ́ọ̀tì náà. Ó gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó yọ jáde wìì.

Obìnrin àgbà kan tí kò rí rí ló jókòó sórí àga awakọ̀, báàgì lórí itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdarí ọkọ̀ mú, ó fi ẹsẹ̀ tẹ búrẹ́kì bí ẹni tẹ ejò mọ́lẹ̀. Aláwọ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú awọ tó ká sábẹ́ apá, kò gbójúgbóyà wọlé.

"Ẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú! Mo rò pé..."

"Ọmọ mi sọ fún mi pé òun parọ́," ni ìyá náà wí. "Ó ní kò sí mẹkáníìkì kankan. Mo ní irọ́ kejì ló ń pa yẹn. Mo ní kó mú mi wá, kí n wá fojú ara mi rí ọkọ tí wọ́n ń lù. Ṣé òun nìyí?"

"Òun nìyí, mà."

Ìyá wo aṣọ iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì, ó wo ìka rẹ̀, ó wo sípánà. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ ga. "Ìwọ! Ọmọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tó ń pàṣẹ fún mi bí sójà, òun lo ní ó kàn ń dúró tì í? Ojú ò tì ẹ́!"

"Ojú ń tì mí, Màámi." Aláwọ wọlé. Ó tẹ́ awọ náà sórí àga tó wà ní ìhòòhò, ó yíjú sí Nọ́ọ̀sì. "Mo wá parí àga kejì. Èmi ni mo fẹ́ kó máa jókòó síbẹ̀. Ìwọ ni wàá máa wà á. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

Nọ́ọ̀sì mú ojú le. "Tí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́ pé ta ló ń tún ọkọ̀ yìí ṣe?"

"Màá ní ìyàwó mi ni."

"Mi ò tíì gbà o."

"Màá ní Bọ̀dá mi ni, nígbà náà."

Ẹ̀rín fẹ́ já lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. Ìyá yọrí lójú fèrèsé. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹsẹ̀ mi ṣì wà lórí nǹkan yìí o. Nọ́ọ̀sì, ṣé o kọ ọmọ mi ni?"

Nọ́ọ̀sì wo Aláwọ, ó wò ó títí. "Mà, mo ti kọ èsì sórí fóònù lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ẹ ṣì í kà ni," ló wí. "Ọkọ̀ ni mo kọ. Mi ò kọ ọkọ."

Ìyá ń rò ó. Lẹ́ẹ̀kan náà ló hó yèè. "Ó ní òun ò kọ ọkọ! Ẹ gbọ́, ó ní òun ò kọ ọkọ!" Ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń fò lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kúrò lórí búrẹ́kì.

"Mà, ẹsẹ̀ yín!"

Ó ti bọ́. Afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù padà, wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì mi orí, ó sùn padà sórí pákó rẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, Aláwọ sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó bá a mú iná.