Ojú Òǹkà Ìdí-Ọsàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, bí rélùwéè ò bá ní awakọ̀, ta lẹ fẹ́ nawọ́ sí kó tó dúró?

Bó ṣe rí ní Ìdí-Ọsàn nìyẹn, ibùdókọ̀ kékeré kan lẹ́yìn Ìbàdàn, láyé ìgbà tí títì mọ́tò ti hu koríko tán. Rélùwéè ìgbà náà kì í fara kan irin. Òòfà ló ń gbé e sókè, fẹ̀rẹ̀ báyìí, ó ti lọ. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Ojú Òǹkà, tí wọ́n kàn mọ́ orí fèrèsé ibùdókọ̀, ló ń wo èrò. Bó bá rí èèyàn, ọkọ̀ á dúró. Bí kò bá rí, ọkọ̀ á kọjá.

Tinúadé, onímọ̀ ẹ̀rọ tó gbé e wá, ń ṣàlàyé fún àdúgbò. "Ó ń rí ọmọ inú pàápàá. Bí aláboyún kan bá dúró, á ka méjì."

Ìyá Àkànní fò dìde. "Á ka kí ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Èyí tí ò tíì dáyé, ẹ ti ń kà á?"

"Màmá, ẹ má bínú. Bí ò bá kà, kò ní dúró."

"Lọ jókòó! Awakọ̀ wo ni kò ní dúró fún aláboyún?"

"Kò ní awakọ̀, Màmá."

"Ìwọ tí o ò tíì bímọ!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Tinúadé wolẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó Àkànní, Fọláhànmí, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá oyún yìí. Ẹsẹ̀ lọmọ fi síwájú, ilé ìwòsàn ìgboro nìkan ló lè gbà á. Wọ́n gbé e dé ibùdókọ̀. Rélùwéè yọ. Wọ́n nawọ́, wọ́n pariwo. Ó kọjá. Èkejì dé, òun náà kọjá.

Orí bẹ́ǹṣì ló bí i sí. Obìnrin ni. Wọ́n gbá a nídìí, wọ́n da omi tútù sí i lára. Kò ké.

Àdúgbò yí Tinúadé po. "Ẹ̀rọ ẹ fọ́jú! Apànìyàn!"

Tinúadé gbé àga sábẹ́ ẹ̀rọ náà. Ó gun àga, ó nawọ́ sókè. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, gèlè ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Wọ́n fi wé ojú ẹ̀rọ pinpin ni. Kò rí ẹnikẹ́ni."

Àkànní gba gèlè náà, ó tú u wò. Òun fúnra ẹ̀ ló rà á. Ó kọjú sí ìyá ẹ̀.

"Màámi," ó ní, "ẹ̀yin ni."